Káàdì Àwọn Ìbejì Òkè-Àfà

Ọjọ́ kẹta tí mo dé ibi iṣẹ́ ni ọ̀gá mi da káàdì méjìlá padà sórí tábìlì mi. Ó ní kò sí ọ̀kan tó dára nínú wọn. Gbogbo òwúrọ̀ ni mo fi ṣe wọ́n, mo sì ti rò pé yóò yìn mí ni.

Ìsọlọ̀ ni ilé-iṣẹ́ náà wà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Owó epo ti dé nígbà yẹn. Gbogbo ẹni tó ń ta nǹkan ló fẹ́ pátákó ìpolówó ńlá létí títì, àwọn mìíràn sì fẹ́ fíìmù kékeré tí wọn yóò máa fi hàn ní sinimá kí eré gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílò àwòrán, ilé-iṣẹ́ wa sì ń lọ káàkiri ṣọ́ọ̀bù àwọn onífọ́tò, wọ́n ń ra fọ́tò àtijọ́ ní àpótí-àpótí. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n wo fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kí n fi tàìpù kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí káàdì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹni tó bá ń wá àwòrán lè ka káàdì, kó sì mọ àpótí tí yóò ṣí.

Modern Three ni mo kà dé nílé ìwé. Gẹ̀ẹ́sì mi kò burú, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àwòrán yàtọ̀. Ọwọ́ Bàbá Fọ́tò ni mo ti kọ́ ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Ará Ìkirun ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Òṣòdì nítòsí ojú irin, mo sì bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin. Ó ti bá òyìnbó onífíìmù kan ru ẹrù rí nígbà èwe rẹ̀, ẹnu òyìnbó yẹn ló ti kó àwọn ọ̀rọ̀ náà jọ. Ohun tó bá sún mọ́ ẹni tó ń wo àwòrán, "foreground" ni. Ohun tó wà lẹ́yìn pátápátá, "background" ni. Bí a bá ya ènìyàn láti ẹ̀gbẹ́, tó fi jẹ́ pé ojú rẹ̀ kan ṣoṣo la rí, "profile" nìyẹn. Bàbá kì í ya irú rẹ̀. Ó ní ta ni yóò mú owó wá kí wọ́n lè sọ òun di olójú kan? Bẹ́ẹ̀ náà ni kò fẹ́ràn "close-up", ìyẹn kí ojú ènìyàn gba gbogbo fọ́tò. Bó bá rí i, yóò ní, "Ta ló bẹ́ eléyìí lórí?" Lójú tirẹ̀, àgbàlagbà gbọ́dọ̀ jókòó tààrà, kó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí bàtà sì hàn.

Inú ìwé kékeré kan ni mo ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sí. Nígbà tí wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù Bàbá nítorí títì tí wọ́n fẹ́ fẹ̀, ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sí Ìkirun. Ó ku èmi àti ìwé yẹn ní Òṣòdì. Nítorí náà, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Ìsọlọ̀ gbà mí fún oṣù mẹ́ta láti fi dán mi wò, mo mọ̀ pé kò síbi tí mo tún lè padà sí. Mo búra fún ara mi pé wọn kò ní í lé mi.

Mísìsì Ṣówándé ni orúkọ ọ̀gá mi, obìnrin Ìjẹ̀bú tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwòrán nílùú òyìnbó. Kì í pariwo rárá, ìyẹn gan-an ló sì ń bani lẹ́rù. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn káàdì tó dá padà, ó kà á sí mi létí. Fọ́tò bàbá kan tó jókòó sórí àga ni. Ohun tí mo kọ ni pé: "Ẹni ọ̀wọ̀, bàbá ọlọ́mọ púpọ̀, tó ti kọ́lé."

"Mojí, níbo ni ilé náà wà nínú fọ́tò yìí?"

"Ìtòsí ọjà Ìsọlọ̀ ni, mà. Mo mọ bàbá yẹn."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Mi ò bi ẹ́ ní àdírẹ́sì. Ẹni tó ń wo fọ́tò yìí, ṣé ó máa rí ilé? Ṣé ó máa rí ọmọ? Ohun tójú ẹ rí ni kó o kọ. Ohun tó o mọ̀, fi í sílẹ̀ sílé."

Ojú tì mí, inú sì bí mi. Lọ́dọ̀ wa, ta ni ń wo àgbà lójú kó máa ka eyín rẹ̀? Ṣùgbọ́n mo pa á mọ́ra, mo tún un kọ: ọkùnrin àgbàlagbà, agbádá aláró, ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún, ìmọ́lẹ̀ láti apá òsì, aṣọ tí wọ́n fi kọ́ sẹ́yìn. Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó fọwọ́ kan tàìpù, mo máa ń fi ìka tọ gbogbo fọ́tò láti igun dé igun. Mo ra díkíṣọ́nárì. Ọ̀rọ̀ tuntun mẹ́ta ni mò ń há sórí láràárọ̀ kí n tó wẹ̀. Nígbà tí oṣù kejì fi máa parí, káàdì mi kì í padà mọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kẹta ni ọ̀rọ̀ àwọn ìbejì dé. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta mílíìkì inú agolo fẹ́ gbé pátákó sí Òṣòdì, wọ́n ní àwọn ń wá ọmọdé méjì tó sanra dáadáa. Mísìsì Ṣówándé fúnra rẹ̀ ló tú àpótí tó fi rí i: ọmọbìnrin kékeré méjì, bí ọmọ ọdún méjì, lórí ẹní, aṣọ kan náà, ìlẹ̀kẹ̀ kan náà, àwọn méjèèjì yíjú díẹ̀ sí apá òsì. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí n kọ káàdì rẹ̀ kíá, àwọn oníbàárà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Mo fi ìka tọ fọ́tò náà bí ìṣe mi. Okùn bàtà ẹsẹ̀ òsì tú lára ọmọ àkọ́kọ́. Ó tú lára ìkejì náà. Ọmọ àkọ́kọ́ ká ìka kan sínú àtẹ́lẹwọ́, ìkejì ká a bákan náà. Mo gbé e lọ sójú fèrèsé. Láàárín àwọn ọmọ méjèèjì, ìlà ẹní kò bá ara wọn mu.

Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ kí wọ́n tó ya fọ́tò pọ̀, ìyá wọn á gbé èyí tó kù wá. Onífọ́tò á yà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fọ́tò, á fi páálí bo ìdajì bébà, á tẹ ọmọ náà sí apá kan. Á wá bo apá yẹn, á tún ọmọ kan náà tẹ̀ sí apá kejì. Ìyá á gbé ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ sílé nínú àpòòwé, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo lọ bá Mísìsì Ṣówándé. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ kan ni wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì yìí. Ìkejì ẹ̀ ò sí mọ́."

"Ìbejì ni mò ń wò. Kọ 'twins'. Ṣebí mo ti sọ fún ẹ, ohun tójú ẹ rí."

"Ohun tójú mi rí náà ni mò ń sọ, mà. Ẹ wo okùn bàtà. Ẹ wo ẹní."

Ó wò ó. Mo mọ̀ pé ó rí i. Ṣùgbọ́n ó ní, "Ta ló máa wo okùn bàtà látinú mọ́tò? Mojí, ọjọ́ Ẹtì yìí náà ni mo máa kọ̀wé bóyá kí wọ́n gbà ẹ́ tàbí kí wọ́n má gbà ẹ́. Má fọwọ́ ara ẹ ṣe ara ẹ."

"Ẹ fún mi láyè di ọjọ́ Ẹtì, mà. Mi ò lè kọ ọ́ báyìí."

Ẹnu ya èmi fúnra mi. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n obìnrin tó ni ọmọ kò kúrò lọ́kàn mi. Bó bá ń kọjá ní Òṣòdì lọ́jọ́ kan, tó gbójú sókè ńkọ́?

Òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìsọlọ̀ wà lẹ́yìn fọ́tò náà. Mo lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ dípò kí n lọ jẹun. Onífọ́tò náà ní òun kàn ta àpótí náà lódindi ni, òun ò yẹ inú rẹ̀ wò. Ó júwe ilé kan ní Òkè-Àfà fún mi. Aránṣọ ni obìnrin náà, Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì fi fọ́tò náà hàn án.

"Níbo lo ti rí àwọn ọmọ mi?"

Mo ṣàlàyé ohun gbogbo. Mo ní mo mọ̀ pé ọ̀kan ni, mi ò sì fẹ́ parọ́ sórí káàdì.

Ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Ta ló sọ fún ẹ pé ọ̀kan ni? Táyé àti Kẹ́hìndé ni. Táyé kàn lọ sọ́jà ni." Bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, a kì í sọ pé ìbejì kú.

"Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n má kọ ọ̀kan. Kí wọ́n má sì gbé wọn síta o. Òjò ti ba tèmi tó wà nílé jẹ́, inú fọ́tò yẹn nìkan ni mo ti ń rí wọn pọ̀. Ṣé ojú títì lẹ wá fẹ́ gbé wọn sí, kẹ́ ẹ máa fi wọ́n ta mílíìkì?"

Mo sunkún díẹ̀ lọ́nà. Mo ti fi iṣẹ́ mi wéwu kí n lè sọ pé ìbejì kọ́, ìyá wọn tún ní ìbejì ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo jókòó ti tàìpù, mo kọ méjèèjì. Bí mo bá túmọ̀ rẹ̀, ohun tí mo kọ nìyí: "Ìbejì, ọmọbìnrin, Táyé àti Kẹ́hìndé. Ọmọ kan la yà, a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìlà ẹní gé láàárín. Ìyá wọn wà láyé, kò fẹ́ kí a gbé wọn síta."

Mísìsì Ṣówándé kà á lórí ìdúró, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìyá wọn ló sọ báyìí?"

"Òun ni, mà."

"Káàdì ẹ ò tíì pé," ló wá wí. "A máa ń to orúkọ láti apá òsì sí ọ̀tún. Èwo ni Táyé?"

Ó ní kí n dá fọ́tò náà padà fún ìyá wọn lọ́sàn-án, kí n sì bi í. Nígbà tí àwọn onímílíìkì dé, ó sọ fún wọn pé fọ́tò yẹn kì í ṣe títà. Wọ́n kùn, wọ́n gba òmíràn. Ó kọ̀wé tirẹ̀ sí àwọn ọ̀gá àgbà kó tó jẹun ọ̀sán, wọ́n sì gbà mí. Iṣẹ́ káàdì yẹn náà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, mo sì kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Fọ́tò yìí ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí lọ́wọ́ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Ìyá Ìbejì fi etí ìró rẹ̀ nu fọ́tò náà bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ó pe Kẹ́hìndé láti ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ bí ọdún méje ni nígbà náà, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọṣẹ. Mo bi í pé èwo ni Táyé nínú àwọn méjèèjì.

Kò rò ó rárá. Ó na ìka sí èyí tó wà lápá ọ̀tún. "Táyé nìyí." Ó na ìka sí ti apá òsì. "Èmi nìyí."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Òun ló ń wò mí."

Mo tún fọ́tò náà wò. Lóòótọ́ ni. Ọmọ apá òsì kọjú síta, ṣùgbọ́n ọmọ apá ọ̀tún ń wo ìkejì rẹ̀. Èmi tí mo ti fi ìka tọ gbogbo ibẹ̀ láti igun dé igun, mi ò rí i. Mo padà sí Ìsọlọ̀, mo ki káàdì bọ tàìpù, mo sì parí rẹ̀: láti apá òsì, Kẹ́hìndé, lẹ́yìn náà Táyé, tó ń wò ó.