Ìròyìn Tó Mú Ìyá Mi Sá fún Bàálù

Ó ti rẹ̀ mí láti máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi níbí, kí gbogbo yín gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé bàálù ni mò ń tún ṣe l'Ékòó. Ẹnjiníà ni mí, èmi kọ́ ni mò ń wà á o. Mo wá sílé ní Odigbo kí n lè mú ìyá mi lọ fún iṣẹ́ abẹ ojú ní Àbújá, torí ojú wọn méjèèjì ti ń kú lọ. Àkúrẹ́ la ti fẹ́ wọ bàálù. Ni oníròyìn kan láti iléeṣẹ́ rédíò kan ní Ore bá bẹ̀ mí pé kí n wá ṣàlàyé bàálù ìgbàlódé fún àwọn olùgbọ́ wọn.

Mo lọ. Mo ní láyé àtijọ́, wáyà irin ló so ọwọ́ páílọ́ọ̀tì mọ́ apá bàálù. Nínú àwọn tuntun, iná mànàmáná ló ń gbé iṣẹ́ náà lọ, kọ̀ǹpútà á sì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Tí páílọ́ọ̀tì bá fẹ́ gbé imú bàálù sókè ju bó ṣe yẹ lọ, kọ̀ǹpútà ò ní gbà fún un. Ààbò ni. Mo tún un sọ pé páílọ́ọ̀tì ṣì wà níbẹ̀, òun ló ń darí!

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n gbé jáde lọ́jọ́ kejì: "Bàálù tuntun ń bá páílọ́ọ̀tì jà! Ọmọ Odigbo tú àṣírí!"

Háà! Àṣírí wo? Wọ́n fi ibi tí mo ti ní kọ̀ǹpútà ò ní gbà sílẹ̀, wọ́n gé ìyókù dànù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wọ WhatsApp ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọlọ́kadà tó gbé mi bi mí bóyá lóòótọ́ ni bàálù máa ń bínú.

Màámi náà ti gbọ́. Ẹ̀gbẹ́ kòkó tí wọ́n ń sá ni mo ti bá wọn, wọ́n ń nu ojú.

"Akin, mi ò wọ bàálù mọ́."

"Màámi, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo ṣe sọ ọ́."

"Ṣé mi ò mọ ohùn ọmọ mi ni?"



Mo padà lọ bá oníròyìn náà. Kò jiyàn. Ó ní ọ̀gá òun ló kọ àkọlé, pé àwọn èèyàn kì í tẹ́tí sí ìròyìn tí kò bá dẹ́rù bà wọ́n. Wọ́n ṣe àtúnṣe lóòótọ́, gbólóhùn kan péré, lẹ́yìn ìkéde òkú. Ta ló gbọ́ ọ? Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ọjọ́ tí dókítà dá fún wa kọjá.

Nígbẹ̀yìn, a gba títì lọ. Ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà, oòrùn pa wá. Nígbà tí a fi máa dé Àbújá, ẹ̀jẹ̀ Màámi ti ru. Dókítà ní àfi kó wálẹ̀ kí àwọn tó fọwọ́ kàn wọ́n. A dúró. Wọ́n ṣe ojú ọ̀tún, ó yọrí sí rere. Ti òsì ti kú.

Mo béèrè bóyá ìbá yè ká ní a tètè dé. Dókítà ní òun ò lè búra, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. "Ó ṣeé ṣe" yẹn ni mò ń gbé kiri báyìí.

Màámi ń fi ojú kan lọ oko. Wọ́n ṣì ń sọ fún àwọn ará àdúgbò pé ọmọ àwọn ló gba àwọn lọ́wọ́ bàálù.

Mi ò bínú mọ́, ó kàn rẹ̀ mí ni. Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń gbọ́ yín ní nǹkan tó fẹ́ ṣe lọ́la. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ìròyìn ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó sọ ọ́, kí ẹ bi í.

Ṣé ìròyìn ti da ètò rú nínú ilé tiyín náà rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Mi ò wá ìmọ̀ràn. Mo kàn fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan.