Àmì Ìsàlẹ̀ Ìwé Bàbá Jákọ́bù

Ìka mi ló dẹ́ṣẹ̀ náà, kì í ṣe orí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí ojú ewé tí àwọn ọmọ Okun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, tó wà lókè òkun dá sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì rí àròkọ tí mo fi síbẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Lókè rẹ̀: "Láti ọwọ́ Ará Oko." Nísàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá: JOA/ra.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nílé ẹ̀kọ́ táìpù tí mo lọ ní Kàbà, ìyá tó kọ́ wa kì í fi àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà ṣeré. Lẹ́tà ńlá ni fún orúkọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀, lẹ́tà kékeré fún ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Bí o bá gbàgbé rẹ̀, rúlà á bá ọ lẹ́yìn ọwọ́. "Ìwé tí kò ní àmì," ìyá náà á ní, "ọmọ tí kò ní bàbá ni." Èmi Ràbíátù Àdùkẹ́ ni ra. JOA ni Bàbá Jákọ́bù Olú Ayédùn, akọ̀wé ọ́fíìsì ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ. Láti ìgbà tí mo ṣì ń lo taipuráítà ni wọ́n ti ń gbé lẹ́tà ọ́fíìsì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

Ìpínlẹ̀ Kogi ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí mo ra kọ̀ǹpútà. Ni Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irú ìwé mìíràn wá, tí wọ́n ká sínú Bíbélì. Àròkọ ni, lórí kànga ẹ̀rọ tí ọ́fíìsì wọn buwọ́ lù pé ó ti parí ní abúlé kan, tí àwọn ará ibẹ̀ sì ṣì ń pọn omi odò.

"Gbé e sí ojú ewé àwọn ọmọ Okun, ṣùgbọ́n Ará Oko ni kó o pè mí," Bàbá ní. "Oṣù mẹ́ta ló kù kí n fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá mọ̀ pé èmi ni, wọ́n á lé mi, iṣẹ́ ọdún márùndínlógójì á sì di òfo."

Mo búra fún wọn. Àṣé ìka mi ò sí níbi ìbúra.

N kò lè pa àmì náà rẹ́ mọ́. Mo kọ̀wé sí ẹni tó ni ojú ewé náà ní Amẹ́ríkà, kò fèsì. N kò lè sọ fún Bàbá, ojú ń tì mí. Bí mọ́tò bá ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, màá sáré yọjú wo ẹni tó wà nínú rẹ̀. Fáìlì ọ́fíìsì wọn kún fún JOA/ra, ẹni tó bá ṣí ọ̀kan ti mú Bàbá nìyẹn. Nígbà tí mo ronú títí, mo rí i pé bí n kò bá lè yọ àmì náà kúrò, mo lè fi sí ibi gbogbo. Láti ọjọ́ náà, kò síṣẹ́ tó jáde lọ́wọ́ mi láìgbé JOA/ra: ìwé ìpè ìgbéyàwó, ètò ìsìnkú, ìkéde ìpàdé mọ́ṣáláṣí. Ìyá ìyàwó kan tilẹ̀ bi mí bóyá JOA ni ọkọ mìíràn tí ọmọ òun fi pa mọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀gá ọ́fíìsì wọn dé fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ti tẹ àròkọ náà jáde fún un.

"Okun o, ìyàwó," ó kí mi bí a ti ń kíni nílẹ̀ Okun.

"Okun o, sà. Ẹ jókòó."

Kò jókòó. Ó fi ìka lé ìsàlẹ̀ bébà. "JOA. Ṣé Jákọ́bù wa kọ́ nìyí?"

"Àmì ṣọ́ọ̀bù ni, sà."

"Àmì ṣọ́ọ̀bù báwo?"

Mo na ètò ìsìnkú kan sí i, mo na ìwé ìpè ìgbéyàwó kan. Ó wo ìsàlẹ̀ méjèèjì, ó tún wò wọ́n.

"Ta ló gbé àròkọ yìí wá?"

"Oníbàárà pọ̀, sà. Ẹlòmíràn kì í sọ orúkọ."

Ó ká bébà rẹ̀, ó lọ. N kò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́. Títí oṣù mẹ́ta náà fi pé, n kò sùn dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì ìfẹ̀yìntì wọn, Bàbá dé. Wọn ò ká ìwé sínú Bíbélì mọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi gbé e ní gbangba. "Orúkọ mi gan-an ni kó o kọ sókè."

Mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo gbọ́wọ́ kúrò.

"Kò tíì parí," Bàbá ní. "Àmì dà?"

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣe àṣìṣe kan..."

"Mo ti mọ̀ tipẹ́. Mo lọ síbi ìsìnkú kan ní Ìyàrá, mo rí JOA lábẹ́ àwòrán òkú. Mo ní, ṣé èmi ló wá kàn ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ìgbà tí mo tún rí i nísàlẹ̀ àròkọ mi ni mo tó mọ ohun tó o ń ṣe fún mi. Dìde, ọmọ mi. Tẹ̀ ẹ́."

Mo dìde, mo tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà ti ní bàbá, èmi náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀, ní lẹ́tà kékeré.