Àga Kejì Tó Ní Apá

Ìdílé kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló ń kó padà sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì ń ta ẹrù tí mọ́tò ò ní lè gbà. Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn láàárín àwa Yorùbá tí iṣẹ́ gbé wá sí Enugu: ẹni tó bá ń lọ, àwọn tó kù ló ń ra fíríìjì rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ àti ìkòkò ńlá rẹ̀. Ilé tiwa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ilé ẹrù àwọn tó ti lọ. Mo ti sọ fún ara mi pé n kò ní ra ohunkóhun mọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ nígbà tí mo rí tábìlì ìjẹun wọn, mo dúró.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó mú mi dúró. Ìyàwó mi ti ṣubú ní balùwẹ̀ ní ìparí òjò, egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó yọrí sí rere. Dókítà, ọmọ Igbo kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ní kò gbọdọ̀ jókòó sórí ohun tó bá lọ sílẹ̀ mọ́. Àpótí ìdáná tó ti ń jókòó lé jẹun láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, ó parí nìyẹn. Àga tìmùtìmù pálọ̀, tí èmi máa ń jókòó sí jẹun tèmi, ó rì jù. Bó ṣe di pé orí bẹ́ẹ̀dì ló ń jẹun nìyẹn, tíréè lórí itan. Á fi ṣíbí bu díẹ̀ sẹ́nu, á ní òun ti yó. Nígbà tí a máa kúrò ní ọsibítù, dókítà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Sà, bí ẹ bá jẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì yẹn mọ́ ọn lára, kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sínú wọ ilé àwọn tó ń ta tábìlì.

Igi ìrókò ni. Ó wúwo débi pé àwọn tó gbé e sọ̀kalẹ̀ ní ilé wa bú ẹni tó gé e nínú igbó. Fáníìṣì àtijọ́ tó wà lórí rẹ̀ ti dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ìdí ìkòkò gbígbóná sì ti fi àmì roboto funfun sí i káàkiri. Àwọn àga rẹ̀, ikán ti jẹ wọ́n tán. Mo ní kí wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní iwájú fèrèsé yàrá ìyàwó mi gan-an. Mo lè pe káfíńtà kó wá bá mi tún un ṣe. Àmọ́ ohun tí mo rò ni pé bí mo bá ń pariwo iṣẹ́ lẹ́bàá etí rẹ̀, bó pẹ́ bó yá, á dìde wá wo ohun tí mo ń bàjẹ́.

Kò dìde. Ẹnu ló fi ń bá mi ṣe é láti orí bẹ́ẹ̀dì.

“Bàbá wọn, ṣé ẹ fẹ́ fá igi yẹn tán ni? Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún wa o.”

“Wá wò ó fúnra rẹ.”

“Mo ń gbọ́ ọ. Èyí tí mo gbọ́ ti tó mi.”

Fífi sáńpépà ha igi kì í ṣe iṣẹ́ àgbàlagbà. Èjìká a máa dun mí, ìka mi ò ní lè ká mọ́ ife omi ní alẹ́. Eruku igi wọ inú imú mi títí oúnjẹ fi ń rùn bí ìrókò. Nígbà tí fáníìṣì dúdú yẹn sì tán, tí awọ igi náà yọ, pupa rẹ́súrẹ́sú bí àkàrà tó jinná dáadáa, inú mi dùn débi tí n kò fi ronú. Mo kun fáníìṣì tuntun sí i ní ọ̀sán ọjọ́ ọyẹ́. Ẹni tó bá mọ Enugu mọ bí eruku pupa ibẹ̀ ṣe ń rìn lójú ọyẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí tábìlì mi ti dà bí awọ adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu ìyẹ́ rẹ̀. Mo jókòó tì í. Mi ò bínú, ó kàn rẹ̀ mí. Lẹ́yìn náà mo tún mú sáńpépà.

“Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀?” ni ohùn tó jáde láti ojú fèrèsé.

“Mo tún ti bẹ̀rẹ̀.”

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ilé ni kí ẹ ti kùn ún lọ́tẹ̀ yìí.”

Inú ilé ni mo ti kùn ún, a sì gbóòórùn rẹ̀ títí ó fi sú wa.

Ó wá ku àga. Mo kọ́kọ́ lọ sí ọjà Ogbete. Àwọn àga tó wà níbẹ̀ ń dán, wọ́n fi ọ̀rá wé wọn bí ọmọ tuntun, ẹsẹ̀ wọn sì tín-ín-rín. Mo jókòó sórí ọ̀kan, ó dún, mo yára dìde. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Abakpa, níbi tí àwọn káfíńtà ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà, lábẹ́ páànù. Mo ti ya fọ́tò tábìlì náà sínú fóònù kí àwọ̀ wọn lè bára mu. Káfíńtà tí mo bá wo fọ́tò tí mo yà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo èyí tí mo yà ní pálọ̀, ó rẹ́rìn-ín.

“Daddy, this your table, na red abi na black?”

Òun fúnra rẹ̀ ló wá wò ó ní ilé. Àga mẹ́fà ni a jọ fẹnu kò sí, kí ẹ̀yìn wọn ga, kí wọ́n gbẹ́ òdòdó sí wọn lára. Mo ní ó gbọ́dọ̀ ní apá, kí ẹni tó bá jókòó lè di apá mú dìde. Ó ní kí n má ṣèyọnu, ọ̀kan máa ń ní apá nínú mẹ́fà. Mo ní ó dáa. Ọ̀kan ṣáà ni mo nílò.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í. Àgbàlagbà Yorùbá bíi tèmi, tó ti gbé ilé bàbá rẹ̀ dàgbà, ó yẹ kí n ti mọ̀.

Nígbà tí àwọn àga dé, ìyàwó mi fi ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fún un ní ọsibítù rọra rìn wá sí pálọ̀. Orí mi wú. Ó wo tábìlì, ó fọwọ́ pa á, ó ní, “Ẹ gbìyànjú.” Mo fa àga tó ní apá síta fún un. Ó kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan ti wà níbẹ̀, ó lọ jókòó sórí èyí tí kò ní apá.

“Ìyá wọn, tìrẹ nìyí.”

“Àga olórí ilé nìyẹn.”

“Èmi olórí ilé ni mo ní kí o jókòó sí i.”

“Ilé ire ni wọ́n ti bí mi, Bàbá wọn. Ẹ jẹ́ ká jẹun.”

Ìrẹsì ni a jẹ. Ó jẹ ju ìdajì abọ́ lọ, ohun tí mi ò rí láti ìgbà tó ti ṣubú. Àmọ́ nígbà tó fẹ́ dìde, ó gbé ọwọ́ lé tábìlì, ó ti ara rẹ̀, ìbàdí rẹ̀ kọ̀. Ó tún gbìyànjú. Òógùn bo imú rẹ̀. Mo kọ́ ọ ní abẹ́ apá, mo gbé e dìde bí a ṣe ń gbé ọmọdé. A dé yàrá. Ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ní kó wá jẹun, á ní orí bẹ́ẹ̀dì dára. Ṣíbí díẹ̀, ó yó.

Mo gbé àga tó ní apá lọ sí àyè tí ìyàwó mi jókòó sí. Ó yọjú láti ẹnu ọ̀nà yàrá, ó rí i, ó padà. Mo sọ fún un pé èmi á máa jókòó sórí aláìlápá.

“Kí ẹ̀yin jókòó sórí aláìlápá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí èmi wá gorí tiyín? Kí àlejò wọlé bá wa bẹ́ẹ̀?”

“Àlejò wo? Gbogbo wọn ti kó lọ sí Abẹ́òkúta.”

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ kò wá. Èmi náà ò lè jókòó sórí àga náà, ojú ń tì mí láti fi ara lé apá tí òun ló nílò rẹ̀. Bí àga tó dára jù nínú ilé ṣe ṣófo nìyẹn, tí à ń nu eruku orí rẹ̀ lásán.

Mo padà sí Abakpa nínú oòrùn. Káfíńtà rí mi.

“Daddy, e don break?”

“Kò kán,” mo dá a lóhùn ní pijin, mo sì ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, pé àga kejì tó ní apá ni mo fẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó pe aládùúgbò rẹ̀ kó wá gbọ́. “Two papa for one house!” Ó ní òun á ṣe òmíràn, àmọ́ igi tí òun ní ò tíì gbẹ, kí n ṣe sùúrù títí á fi gbẹ. Mo ní n kò lè dúró. Mo ń rí bí ojú ìyàwó mi ṣe ń jìn sínú.

Àga kan wà lẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀ tí ẹnì kan ní kó ṣe tí kò sì wá gbà á. Igi funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú, kò ní òdòdó, apá rẹ̀ gbòòrò bí pákó ìfọṣọ. Mo jókòó, mo di apá mú, mo dìde. Mo tún jókòó, mo tún dìde.

“E no match o, Daddy,” ló wí. “Make you no tell anybody say na me do am.”

Nígbà tí mo gbé e wọlé, mo fi í sí àyè ìyàwó mi, mo gbé àga olódòdó tó ní apá padà sí àyè tèmi, mo jókòó sí i, mo sì pè é. Iṣu ni mo sè, mo dín ẹyin tó jóná díẹ̀ ní etí. Ó pẹ́ kí ọ̀pá rẹ̀ tó dún. Ó dúró, ó wo àga funfun náà, ó wo àwọn tó kù.

“Èwo ló wá ṣe funfun báyìí láàárín wọn?”

“Tìrẹ ni.”

“Ti olórí ilé ńkọ́?”

“Ṣé o ò rí i pé mo ti jókòó sí i?”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Wọn ò gbẹ́ òdòdó sí tèmi.”

“Wọn ò gbẹ́ ẹ.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Ó jókòó.

Ó ní iyọ̀ pọ̀ nínú ẹyin náà. Ó jẹ ẹ́. Ó jẹ iṣu rẹ̀ tán, ó mu omi. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé apá àga, mo sì dá ọwọ́ tèmi dúró lórí abọ́. Ó ti ara rẹ̀, ó padà jókòó. Ó mí. Ó tún ti ara rẹ̀, ìbàdí náà sì dìde tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀ títí ó fi nàró.

“Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn,” ló wí. “Ẹ jẹun yín, ó ti ń tutù.”

Mo jẹun mi.