Iyán Ọ̀rẹ́ Mi àti Àwo Ẹ̀wà Mi

Mo jowú ọ̀rẹ́ mi nítorí iyán. Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé nítorí obìnrin tàbí nítorí oríire ni. Iyán ni. Bí òkèlè bá ti ń gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá, mo máa ń jókòó wò ó.

Àwa mẹ́ta la jọ ń hun aṣọ òfì lábẹ́ àtíbàbà kan ní Ìṣẹ́yìn nígbà náà. Ìgbà ìjọba alágbádá ni, tí ìrẹsì òyìnbó ti gba ìlú kan, ṣùgbọ́n ìrẹsì kò wọ abẹ́ àtíbàbà tiwa. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, iyán a dé láti ilé ọ̀kan nínú wa. Lónìí ìyàwó mi, lọ́la ìyàwó ọ̀rẹ́ mi tí mo jowú yìí, ọkùnrin pupa kan, lọ́tùnla ìyàwó ẹnì kẹta wa, tí í ṣe àbúrò láàárín wa. Inú àwo kan náà la ti ń jẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ẹran títí iyán yóò fi tán. Ìgbà náà ni àgbà yóò pín in. Èmi ni àgbà. Ìgbà àgbàdo tuntun ni wọ́n bí mi, ìgbà ọkà bàbà ọdún kan náà ni wọ́n bí ọ̀rẹ́ mi pupa, mi ò sì jẹ́ kó gbàgbé rẹ̀ rí.

Egbò kékeré kan ló da gbogbo rẹ̀ rú. Ó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún mi, ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ òfì. Mo fi ewé sí i, mo fi òróró sí i, kò jinná. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn ni mo gba ọsibítù lọ. Dókítà yẹ ìtọ̀ mi wò, ó ní àtọ̀gbẹ ni, ṣúgà ti pọ̀ jù lára mi. Ó ní kí n fi iyán sílẹ̀, kí n fi àmàlà àti ẹ̀bà sílẹ̀, kí n má fi ṣúgà sí ẹ̀kọ mímu mọ́. Ẹ̀wà ni kí n máa jẹ, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹja. Mo bi í pé títí dìgbà wo. Ó na ìka sí ẹsẹ̀ mi.

"Bàbá," ó ní, "títí dìgbà tí ẹ bá fẹ́ kí ẹsẹ̀ yìí fi wà lára yín."

Ahunṣọ tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, kí ni yóò fi máa tẹ òfì? Mo gbà.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó mi gbé àwo ẹ̀wà kékeré wá fún mi lọ́tọ̀. Ọ̀rẹ́ mi pupa wo inú rẹ̀ títí.

"Ẹ̀wà, lọ́sàn-án gangan?" ó ní. "Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là á jẹ̀kọ. Wọn ò tiẹ̀ ka ẹ̀wà mọ́ ọn!"

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ dókítà. Ọ̀rẹ́ mi pupa ní bàbá òun jẹ iyán títí ó fi kú. Mo ní kí ló wá pa á. Ó ní iyán kọ́. Ó bu òkèlè, ó fi gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ó nà án sí mi lẹ́nu bí ẹni ń bọ́ ọmọ: "Gba ẹyọ kan péré. Òkèlè kan kì í pààyàn." Itọ́ kún mi lẹ́nu, mo sì gbójú kúrò.

"Àbí o rò pé mo fi nǹkan sí i ni?" ó ní. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Níbi tiwa, ẹni tó bá kọ òkèlè ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ tó le.

Iyán tán. Mo na ọwọ́ sí àwo ẹran gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ó fà á sẹ́yìn. Ó ní ẹni tí kò sí nídìí àwo kì í pín ẹran inú rẹ̀. Òun ló pín in. Ó tiẹ̀ mọ̀ ọ́n pín, ìyẹn ló dùn mí jù.

Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Wọ́n sọ mí ní Ọkọ Ẹ̀wà. Bí mo bá dìde láti lọ tọ̀, wọ́n á ní kí n má fi ṣúgà ṣòfò. Ọjọ́ tó bá kan ìyàwó mi ló burú jù. Iṣu oko mi ni, odó ilé mi ni, ìyàwó mi ló gún un, àwọn ni yóò sì jẹ ẹ́. Ọ̀rẹ́ mi pupa á lá ìka, á ní, "Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́ o! Iyán yìí ò ní kókó kan." Ìyàwó mi á kúnlẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín. Ta ló rẹ́rìn-ín nítorí ẹ̀wà rí? Bẹ́ẹ̀ ọ̀rẹ́ mi yìí sanra jù mí lọ, ó ń jẹun jù mí lọ, ṣúgà inú tíì rẹ̀ tó láti fi po ògì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ń dán. Mo máa ń wo ẹsẹ̀ yẹn lábẹ́ òfì, mo sì ń bi Ọlọ́run léèrè ohun tí mo ṣe.

Nígbà tí ààwẹ̀ ń bọ̀, inú mi dùn bí ọmọdé. Kò sí iyán ọ̀sán nínú Ramadan. Ẹnu gbogbo wa ni yóò gbẹ, odindi oṣù kan, kò sì ní sí ohun tí n ó jowú. Mo lọ gba oògùn àtọ̀gbẹ mi ní ọsibítù, mo fẹnu ara mi sọ fún dókítà pé ààwẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ní n kò gbọdọ̀ dán an wò. Bí mo bá lo oògùn yẹn láìjẹun, n ó dákú. Mo sáré lọ bá ààfáà wa, bóyá òun á rí ọ̀nà kan. Ààfáà ní ọ̀nà wà: ẹni tí àìsàn rẹ̀ kì í lọ, kó máa jẹun, kó sì máa bọ́ aláìní kan lójoojúmọ́ dípò ààwẹ̀ rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni fún mi lẹ́bùn. Aláìní tí ìyàwó mi wá rí, bàbá arúgbó kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ní iyán lòun fẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo tún dá wà. Nígbà tí wọ́n ń jẹ, mi ò bá wọn jẹ; nígbà tí wọn ò jẹ, èmi ń jẹ. Mo ti jowú iyán wọn tẹ́lẹ̀, mo wá ń jowú ebi wọn. Ètè wọn tó gbẹ, bí wọ́n ti ń wo oòrùn, bí wọ́n ti ń bi ara wọn pé ìrun wo ló kù, gbogbo rẹ̀ ló wù mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo kẹ̀yìn sí títì, mo ń jẹ ẹ̀wà mi ní kọ̀rọ̀ àtíbàbà. Obìnrin kan tó wá ra aṣọ láti Òkèehò rí mi. Ó figbe ta: "Hà! Bàbá, nínú ààwẹ̀! Ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run?" Àwọn tó wà lábẹ́ àtíbàbà kejì gbójú sókè. Mo fi ọwọ́ bo àwo ẹ̀wà mi.

Ọ̀rẹ́ mi pupa dìde nídìí òfì rẹ̀. Mo ní ẹ̀sín mi dé. Ó mú agbádá rẹ̀ tó fi kọ́ òpó, ó ta á síwájú mi bí aṣọ ìkélé.

"Ìyá, ara rẹ̀ ni kò yá," ó ní. Òùngbẹ ti há a lóhùn. "Dókítà ló ní kó jẹun, ààfáà sì ti fọwọ́ sí i. Aṣọ lẹ wá rà, ẹ wo aṣọ." Ó wá yọjú sí mi lẹ́yìn agbádá. "Jẹ ẹ́ tán," ó ní. "Má ṣẹ́ ẹ kù."

Láti ọjọ́ yẹn títí ààwẹ̀ fi parí, òun ló ń fi agbádá náà ṣe ìkélé fún mi lọ́sàn-án. Ó yẹ kí n dúpẹ́, mo sì fẹnu dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti jókòó sẹ́yìn agbádá, mo ń rò ó wò pé láádá ààwẹ̀, tirẹ̀ ni. Láádá ẹni tó bo àṣírí mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tirẹ̀ náà ni. Èmi, ẹ̀wà ni tèmi. Owú yẹn tún ju ti iyán lọ.

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ kọjá. Egbò ẹsẹ̀ mi ti padé, mo ti ń tẹ òfì láìkérora. Lọ́jọ́ tí a padà sẹ́nu iṣẹ́, iyán dé láti ilé ọ̀rẹ́ mi pupa, pẹ̀lú odindi ẹtù kan nínú ọbẹ̀. Wọ́n jẹ iyán, mo jẹ ẹ̀wà. Kò sẹ́ni tó na òkèlè sí mi. Nígbà tí iyán tán, ó ti àwo ẹran síwájú mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ẹ̀wà.

"Àgbà," ó ní, "pín in."

Mo pín in. Mo mú itan, mo fún ẹnì kẹta wa ní àyà, mo sì fún ọ̀rẹ́ mi pupa ní ọrùn. Ó wo ọrùn náà, ó wo ojú mi, ó jù ú sẹ́nu, ó ń run eegun rẹ̀.

"Alihamudulilahi," ó ní. "Ara rẹ ti ń yá."