Agolo Wúrà Sìmíátù

Kò sí ẹni tó ń ná ọjà Tejúoṣó láyé ìgbà náà tí kò mọ Sìmíátù alátíkè. Kì í ṣe pé ìsọ̀ rẹ̀ tóbi o. Pákó mẹ́rin àti páànù kan ni. Òórùn ni wọ́n fi ń mọ ibẹ̀. Sìmíátù a máa lọ kànáfùrù pẹ̀lú èèpo ọsàn gbígbẹ lórí ọlọ, a pò ó mọ́ àtíkè, a wá fi gèlè síliki ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, títí yóò fi fẹ́lẹ́ bí èéfín. Àwọn alátíkè yòókù fimú fínlẹ̀ títí, wọn ò mọ ohun tó ń pò mọ́ ọn. Èèyàn méjì péré ló mọ̀ ọ́n: òun fúnra rẹ̀, àti Lateefat àbúrò rẹ̀, tó máa ń bá a di etí gèlè náà mú nígbà tí kò tíì ga ju àpótí ìjókòó lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Lateefat nígbà tí ìyá wọn kú n'Íjẹ̀bú. Sìmíátù pọ̀n ọ́n wá sí Mushin. Ọkùnrin kan wá fẹ́ Sìmíátù, ó ní òun kò lè gbé ọmọ ọlọ́mọ sílé. Sìmíátù ní kó máa lọ ire. Ẹlòmíràn ò wá mọ́. Nígbà tí Lateefat sì ń lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, àtíkè ló gbé e wọ bàálù. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí Sìmíátù ń wá láyé ni ọjọ́ tí òun yóò jókòó sórí àga ìyá ìyàwó, kí gbogbo ayé wo ojú òun.

Sìmíátù kò mọ̀wé. Àmúsà télọ̀ ló máa ń ka lẹ́tà Lọ́ńdọ̀nù fún un. Lọ́jọ́ kan, Àmúsà kà á jáde pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, àtíkè kan wà níbí tí àwọn ìyàwó olówó fi ń kun ojú. Kò funfun, kò pupa. Ìmọ́lẹ̀ ló ń mú wá, bíi pé òṣùpá ń bẹ lábẹ́ awọ èèyàn. Bí mo bá ń bọ̀, ẹ̀yin ni màá kọ́kọ́ rà á fún."

Sìmíátù ní kó tún un kà. Ó ní kó tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sinmi ẹnu. Saidat onípòmédì, tí ìsọ̀ àwọn méjèèjì jọ fara kan ara, kò sì jẹ́ kó gbádùn.

"Alátíkè ń retí àtíkè, alápatà ń tọrọ ẹran! Ìyá Lọ́ńdọ̀nù, òṣùpá yín ò tíì yọ ni?"

"Yóò yọ," Sìmíátù á ní. "Bó bá yọ, ìwọ ni màá kọ́kọ́ tàn sí lójú."

Lọ́dún karùn-ún, Lateefat dé láti wá ṣègbéyàwó pẹ̀lú Kọ́lápọ̀, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ó sun oorun ọjọ́ mẹ́ta ní Mushin láìmẹ́nu ba àtíkè, Sìmíátù náà kò sì bi í. Àgbà kì í tọrọ ẹ̀bùn. Lọ́jọ́ kẹrin ni Lateefat kúnlẹ̀, ó gbé agolo róbótó kan lé e lọ́wọ́. Ó ń kọ mànà bíi wúrà, òdòdó ń bẹ lórí ìdérí rẹ̀. Sìmíátù fò sókè, ó jó yí yàrá ká.

"N ò ní ṣí i o! Ó di ọjọ́ tí a bá lọ mọ àwọn àna wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n mi," ni Lateefat wí kíákíá. "Ẹ má ṣí i, kí òórùn ẹ̀ má baà fò lọ."

Ọjọ́ náà pé. Sìmíátù wẹ̀, ó wọ léèsì, ó jókòó síbi tí oòrùn ti ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ó ṣí agolo. Lọ́fíńdà òyìnbó bo imú rẹ̀. Ó fi fóòmù kékeré inú rẹ̀ bu díẹ̀, ó fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ń ta á lára, bí iyanrìn etí òkun. Ó wo dígí: ohun tó ń dán níbẹ̀ tóbi, ó ń ṣẹ́jú wìnnìwìnnì bíi káàdì Kérésì.

Nígbà tí lọ́fíńdà ti fò lọ tán, òórùn kejì yọjú láti ìsàlẹ̀.

Kànáfùrù. Èèpo ọsàn.

Sìmíátù gbé agolo náà sórí itan. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bóyá àwọn òyìnbó náà ń lo kànáfùrù. Ó ní bóyá imú òun ni, torí pé òórùn ọjà kì í kúrò nímú ọlọ́jà. Irọ́ gbogbo tó lè pa fún ara rẹ̀ ló pa tán, ó wé gèlè, ó sì bá wọn lọ.

Ní Sùúrùlérè, Mabel, ìyá Kọ́lápọ̀ ọkọ ìyàwó, ló wá pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Sìmíátù wo ojú obìnrin náà. Kò sí hóró dídán kankan lójú Mabel. Ojú rẹ̀ kàn ń tàn jẹ́jẹ́ ni, bíi pé òṣùpá ń bẹ lábẹ́ awọ rẹ̀.

"Ẹ ò rí ojú mi, àna wa?" Mabel fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ìyàwó wa ló rà á bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní ọ̀kan ṣoṣo lòún rí rà. Ó mà ṣe o, agolo ẹ̀ ló fọ́ lọ́nà, inú abọ́ dígí ló dà á sí fún mi."

Àtíkè wá láìní agolo. Agolo wá láìní àtíkè.

Mabel bá tẹjú mọ́ ọn, ó bú sẹ́rìn-ín. "Tiyín náà ń ta yẹ́ríyẹ́rí o! Àbí Kérésì ti dé? Àtíkè wo lẹ lò?"

 Sìmíátù yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó ń dúró dè é. Ọ̀rọ̀ kan péré, irọ́ kan péré tó lè bo àṣírí àwọn méjèèjì: kó ní ọ̀kan náà ni.

Lateefat wolẹ̀. "Ti ọjà Tejúoṣó ni, Mọ̀mí. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn ni wọ́n ń pò ó."

Irọ́ ló fi bọ́ ọ nílé. Ìta gbangba ló wá rántí òótọ́.

"Òótọ́ ló sọ," ni Sìmíátù wí. "Èmi ni mo pò ó." Ó jókòó títí ètò fi parí, ó ṣàdúrà fún ìyàwó, ó tilẹ̀ jẹun. Ìgbà tó délé ló tó bọ́jú, omi inú ọpọ́n náà ń dán.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Lateefat wá sọ́jà. Ẹnu àbáwọlé ló dúró sí bí oníbàárà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò wá gbé aṣọ ọjọ́ ìyàwó. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa jókòó nípò Ìyá."

Sìmíátù ń sẹ́ àtíkè lọ. Gèlè síliki so mọ́ èèkàn létí kan, ọwọ́ rẹ̀ di ìkejì.

"Ẹ dárí jì mí. Ọ̀kan ṣoṣo lapá mi ká. Ẹ mọ bí ìyá ọkọ ṣe rí. Mo… mo rò pé ẹ ò ní mọ̀."

Ìgbà yẹn ni ọwọ́ Sìmíátù dúró.

"O rò pé n ò ní mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi?"

Lateefat bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Saidat, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, wọ inú ìsọ̀ tirẹ̀ lọ.

"Bó o bá ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, n ò rí i rà,' ẹ̀rín ni ǹ bá fi rín," ni Sìmíátù wí. "Mo ti ń kun tèmi láti ọjọ́ yìí, kò pa mí. Lọ. Ẹni tó gba àtíkè ni kó gba àga."

"Ẹ̀gbọ́n mi!"

Oníbàárà kan ti dé, ó ń bèèrè ìwọ̀n méjì. Sìmíátù nawọ́ sábẹ́ pákó, ó mú agolo wúrà náà jáde. Kò ní ìdérí mọ́, wúrà ara rẹ̀ ti ń ṣí. Ó fi bu àtíkè, ó fi àtàtàǹpàkò tẹ́ ojú rẹ̀, ó dà á sínú bébà oníbàárà. Ó tún bu ìkejì. Ó sì fi èènì sí i.