Orúkọ Tí Ìyàwó Wa Fún Mi

Ó tó ọdún méjì tí ìyàwó àbúrò mi fi ń pè mí tí mi ò dá a lóhùn. Kì í ṣe pé a jà. A jọ ń jẹun, mo máa ń bá a ra ẹran lọ́wọ́ alápatà mi, bí ó bá sì kí mi láàárọ̀, mo máa ń kí i padà. Àmọ́ bí ó bá ti ẹ̀yìnkùlé pe orúkọ mi, ṣe ni màá máa ka ìwé mi lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Inú á máa bí mi, ojú mi á sì dúró lórí ìlà kan ṣoṣo.

Orúkọ mi gan-an ló ń pè. Á kọ́kọ́ ní "Àńtí," á wá fi orúkọ tí bàbá mi sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ tì í lẹ́yìn, láìfo ìró kan nínú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilé wa ní Àkúrẹ́ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó rẹ̀. Ìyàwó ló máa wo kálukú lójú, tí á fún un ní orúkọ tí òun nìkan á máa pè é. Ìyá mi pe àbúrò ọkọ rẹ̀ kan ní Eyínafẹ́, títí tí eyín mẹ́rin fi ká lẹ́nu ọkùnrin náà níwájú. Kò yí orúkọ náà padà.

Àbúrò mi kan ṣoṣo ló fẹ́ obìnrin yìí. Kàdúná ló ti pàdé rẹ̀ nígbà tó ṣe àgùnbánirọ̀ lọ́hùn-ún. Hausa ni èdè tí wọ́n fi tọ́ ọ, Kìrìsìtẹ́nì bíi tiwa sì ni. Ó ti gbọ́ Yorùbá díẹ̀ kó tó wọlé, ó sì ń fi ìtara kọ́ èyí tó kù. Àwọn méjèèjì ń gbé òkè, èmi ń gbé ìsàlẹ̀, nínú ilé tí bàbá wa kọ́ sí Ọ̀bà-Ilé, létí Àkúrẹ́. Ìyá wa ti kú ní ọdún tó ṣáájú ìgbéyàwó wọn.

Ẹ̀yìn ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti yanjú ni mo tó gbọ́ pé ó ti ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kí ó mú mi lọ rí dókítà elétí. Ó rò pé etí mi ti ń di. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń pariwo orúkọ mi, èmi náà sì rò pé ó fẹ́ kí àwọn ará ilé kejì bá wa gbọ́ bó ṣe ń fojú di mí ni. Bó ṣe ń pariwo sí i ni èmi ń diti sí i.

Nígbà tí oyún rẹ̀ pé oṣù méje, àbúrò mi sọ̀kalẹ̀ wá bá mi ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Ó ní ìyàwó òun fẹ́ lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Kàdúná, pé ó ṣeé ṣe kí ó dúró níbẹ̀ títí ọmọ á fi rìn. Mo ní ṣé kò sí ẹni tó lè wẹ ọmọ ní Àkúrẹ́ ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ní ẹni tí kò dá òun lóhùn, báwo lòun ṣe máa gbé ọmọ fún un?"

Mi ò bímọ. Ó yẹ kí n ti sọ ìyẹn ṣáájú. Mo lọ́kọ rí, a wá ọmọ títí, ó sú àwọn ènìyàn rẹ̀, mo sì padà sílé bàbá mi. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ní èdè Yorùbá níléèwé girama nílùú Oǹdó. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo gbọ́ pé ìyàwó yìí lóyún ni mo lọ ra ike ìwẹ̀ ọmọ, mo sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù bà mí gidi lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Mo rí i pé wọ́n lè gbé ọmọ náà lọ, kó jẹ́ inú fóònù ni màá ti máa rí ojú rẹ̀.

Síbẹ̀, ìbínú ò jẹ́ kí n gun òkè lọ bá a. Kàkà bẹ́ẹ̀, nígbà tílẹ̀ mọ́, mo wọ mọ́tò Oǹdó, mo gbé ẹjọ́ lọ bá àbúrò ìyá mi tó wà nílé ọkọ níbẹ̀. Ìyá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ti pẹ́ ní Oǹdó débi pé wọn kì í bi í ní ibi tó ti wá mọ́, àmọ́ kò tíì fi ohùn Àkúrẹ́ sílẹ̀. Ó ń pa ẹ̀gúsí nígbà tí mo ń rojọ́. Mo ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ìyàwó náà, mo fi èyí tí mo rántí lójú ọ̀nà kún un. Nígbà tí mo dákẹ́, ó bi mí pé ta ló mú ìyàwó náà yíká ilé.

Ní ilé wa, ní ọjọ́ kejì tí ìyàwó bá wọlé, àgbà obìnrin ilé ló máa dì í lọ́wọ́ mú, á mú un lọ síwájú olúkúlùkù, á sọ ẹni tí ó jẹ́ fún un, á sì dúró tì í títí á fi rí orúkọ fún gbogbo wọn. Ìyá wa ti kú. Àwọn ìyàwó ẹbí wa tó ṣáájú ti tẹ̀lé ọkọ wọn lọ sí Èkó. Èmi ni àgbà obìnrin tó kù. Ní ọjọ́ kejì ìgbéyàwó yẹn, orí àga ni mo jókòó sí, mo wọ búláòsì tuntun, mo ń retí kí wọ́n wá fún mi lórúkọ.

"Ùwọ lo jẹ̀bi," ni ìyá náà wí. "Lọ mú un yíká."

Ojú tì mí. Èmi tíṣà, mi ò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan, mo sì ń fìyà jẹ ẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo padà dé, mo gun òkè, mo kan ilẹ̀kùn. Mo ní kí ó má bínú, pé mo ń gbọ́ gbogbo ìgbà tí ó ń pè mí, pé agídí ni. Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí kò mọ èyí tó kàn, ó wá rẹ́rìn-ín títí tó fi fọwọ́ gbá ikùn mú. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ṣàlàyé àṣà náà fún un, a sì rọra sọ̀kalẹ̀. Àwa tó kù nílé ò pọ̀. Mo fi fọ́tò bàbá àti ìyá mi hàn án lára ògiri, ó kúnlẹ̀ fún wọn. A dé ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, tí rédíò kì í kúrò létí rẹ̀. Ìyàwó wa pè é ní Bàbá Oníròyìn. Inú bàbá náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi pa rédíò.

Ó wá ku èmi. Mo ti ń retí kí ó fi dígí ojú mi sọ mí lórúkọ. Ó wò mí lójú.

"Úwá," ló ní.

Ní Àkúrẹ́, ùwà la ń pe ohun tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ń pè ní ìwà. "Wo ùwà rẹ" ni ìyá mi máa ń sọ bí mo bá dá wàhálà sílẹ̀. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo ti fi báírò pupa fa igi gba àárín ọ̀rọ̀ náà nínú àròkọ àwọn ọmọ. Àmọ́ ohùn tirẹ̀ lọ sókè, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe tiwa. Mo bi í pé kí ni Úwá.

"Ẹni tó bí èèyàn," ló ní. "Bí a ṣe ń pè é nílé wa nìyẹn."

Mo ní mi ò bí ẹnikẹ́ni. Ó ní òun mọ̀.

Mo wọ yàrá mi, mo jókòó síbẹ̀, mo sì sunkún dáadáa.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo lọ sí Ọjà Ọba láti gba àwọn aṣọ ìtẹ́lẹ̀ ọmọ tí mo ní kí télọ̀ mi gbá létí. Ọmọ Igbo ni télọ̀ náà. Mo ń fi orúkọ mi yangàn fún un, ló bá ní ayé ló ń jẹ́ nílé àwọn, ayé tí a wà nínú rẹ̀ yìí, ó sì pè é ní ohùn ti ilé wọn. Obìnrin Bìní tó ń ta edé ní ìsọ̀ kejì ní kí ló dé tí télọ̀ ń fi ayé dà mí láàmú, pé ọlà ló ń jẹ́ lédè tàwọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn bí ẹni tó ń du ilẹ̀ bàbá wọn. Mo dúró tì wọ́n, mo ń gbádùn ara mi. Èmi tí mo ti ń fa igi lé ọ̀rọ̀ yìí lórí láti ọjọ́ yìí, mi ò mọ̀ pé àwọn ará ibòmíràn ti kó ẹrù tó pọ̀ tó báyìí sínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa bá iyàn wọn lọ, mo san owó aṣọ, mo wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé.

Ìyàwó wa kò lọ sí Kàdúná mọ́. Ìyá rẹ̀ ló ní òun á wá kí wa lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ. Ọmọbìnrin ló bí, ní ọsibítù kan níhìn-ín ní Àkúrẹ́, wọ́n sì gbé e wálé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta. Mi ò gun òkè. Mo jókòó sí ìsàlẹ̀, mo ṣí ìwé, ojú mi dúró lórí ìlà kan ṣoṣo bíi ti àtijọ́.

Ó pè mí láti òkè. Ó ṣì ń pariwo, ó ti mọ́ ọn lára.

"Úwá, omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Mo dáhùn. Mo tún dáhùn lẹ́ẹ̀kejì, kó lè dá a lójú, mo wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fa ike ìwẹ̀ náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.