Amọ̀ Tó Bá Jábọ́ Ti Kú

Ọjọ́ tí wọ́n ń sìnkú télọ̀ àdúgbò ni Bàbá Ọlọ́ràá dá ọkọ̀ òkú dúró. Wọ́n ti gbé pósí wọnú ọkọ̀. Awakọ̀ ti ṣáná sí i. Bàbá bá yọ ọ̀rá funfun kan lápò, ó wọ̀ ọ́ sọ́wọ́, ó fi ra bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Ó mi orí.

"Awakọ̀, pa á."

"Kí ló dé, Bàbá? Ṣé táyà ló jò ni?"

"Ara ọkọ̀ yìí ṣákiṣàki. Eruku irin ti wọnú ọ̀dà ẹ̀ lọ. Ṣé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi gbé télọ̀ nìyí? Ọkùnrin tó jẹ́ pé bí aṣọ bá súnkì díẹ̀, á tú u, á tún un rán?"

"Òkú ni o, Bàbá. Kò lè mọ̀."

"Èmi mọ̀."

Opó télọ̀ ń sunkún lọ́wọ́. Ó gbójú sókè, ó ní kí wọ́n jẹ́ kó ṣe é. Ni gbogbo èrò bá dúró sínú oòrùn títí Bàbá fi fọ bọ́nẹ́ẹ̀tì náà tán. Ó nu ọwọ́, ó wo gbogbo wọn lójú. "Tó bá kàn mí, tẹ́ ẹ bá gbé mi sínú ọkọ̀ tó ṣákiṣàki, màá sọ̀ kalẹ̀ ni o."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín nídìí òkú. Àbíkẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ fífọ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé bàbá òun kì í fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ṣàwàdà.

Amọ̀ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ wọn. Kì í ṣe amọ̀ ìkòkò. Ilé iṣẹ́ ló ń ṣe é. Ó rí pẹlẹbẹ bí ọṣẹ, ó sì rọ̀ tó ṣe é pò lọ́wọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fọ ọkọ̀, wọ́n á fín omi ọṣẹ sí i lára, wọ́n á wá máa fi amọ̀ ra á lọ, ra á bọ̀, láì tẹ̀ ẹ́. Ohun tí kànrìnkàn ò lè ká, amọ̀ á ká a: oje igi, eruku irin, ìdọ̀tí tó ti sọ ara rẹ̀ di onílé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, á máa dún ṣìì, ṣìì. Tó bá yá, ariwo náà á lọ.

"Tó bá ti dákẹ́," Bàbá á wí, "ó ti mọ́."

Ọ̀rá yẹn ló fi ń dán an wò. Ó ní ọwọ́ lásán máa ń purọ́, pé téèyàn bá wọ ọ̀rá sọ́wọ́, bó ti wù kí ìdọ̀tí kéré tó, ìka á mọ̀ ọ́n. Kò sì mọ sórí ọkọ̀. Ó fi ọ̀rá ra tábìlì. Ó fi ra ògiri. Lọ́jọ́ kan, onígbàjámọ̀ fá orí fún un tán, Bàbá yọ ọ̀rá, ó fi ra orí ara rẹ̀.

"Ó ku díẹ̀ lẹ́yìn etí."

"Ẹ gbà mí o! Bàbá, orí ni, kì í ṣe mọ́tò!"

"Ṣé tórí ìyẹn ló ṣe yẹ kó ṣákiṣàki?"

Láti ọjọ́ náà, tí Bàbá bá ti yọ lókèèrè, onígbàjámọ̀ á kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà lápò rẹ̀.

Òfin kan wà tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni rú. Amọ̀ tó bá jábọ́ nílẹ̀, wọn kì í mú un padà sára ọkọ̀. Iyẹ̀pẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ ọn, iyẹ̀pẹ̀ á sì ha ọ̀dà. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá a mú èyí tó jábọ́.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó ti kú."

"Ṣebí ó kàn jábọ́ ni. Ẹ fọ̀ ọ́."

"Ìgbà wo lẹ fọ òkú tó jí?"

Ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣa àwọn òkú náà. Ọ̀kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì kó má baà mì. Ọ̀kan dí ojú ihò lára fèrèsé ilé ìdáná. Òmíràn di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Tí àlejò bá béèrè, á ní, "Àwọn òkú ọkọ mi ló gbé ilé yìí ró."

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan ni Bàbá ń fi amọ̀ ra lọ́jọ́ tó fayé sílẹ̀. Àbíkẹ́yìn wà ní òdìkejì ọkọ̀ náà. Ó gbọ́ tí ariwo amọ̀ dákẹ́. Ó rò pé ó ti mọ́ ni.

Bàbá ò jẹ́ kí amọ̀ náà jábọ́. Ó dì í mú pinpin. Àbíkẹ́yìn ló tú ìka rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ojú ìka wà lára amọ̀ náà. Ó fi ọ̀rá wé e, ó tọ́jú ẹ̀ sápò.

Awakọ̀ tí Bàbá dá dúró lọ́jọ́sí náà ló wá gbé e. Ó bọ́ fìlà.

"Àbíkẹ́yìn, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo ti fọ̀ ọ́ láàárọ̀ o. Mo mọ ẹni tí mò ń bọ̀ wá gbé." Ó ti ọwọ́ bọ àpò. "Mo mú ọ̀rá wá."

Àbíkẹ́yìn wọ̀ ọ́ sọ́wọ́. Ó ra bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ra ilẹ̀kùn. Ó mi orí.

"Àsìkò ń lọ o," àbúrò bàbá rẹ̀ wí.

"Á sọ̀ kalẹ̀, Bọ̀ọ̀dá."

Kò sí amọ̀ mìíràn nílé ju èyí tó wà lápò rẹ̀. Téèyàn ò bá sì pò ó, kò ní ṣiṣẹ́. Àbíkẹ́yìn wo ojú ìka bàbá rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà, ó pò ó. Ojú ìka pa rẹ́.

Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ń fín omi. Àbíkẹ́yìn ń ra á. Bọ́nẹ́ẹ̀tì dákẹ́. Òrùlé dákẹ́. Àwọn ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ dákẹ́. Ó ku ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Omijé ò jẹ́ kó ríran mọ́, amọ̀ yọ̀ bọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀.



"Mú un, kó o fọ̀ ọ́," àbúrò bàbá rẹ̀ rọra wí. "Ta ló fẹ́ mọ̀?"

"Èmi mọ̀."

Ó dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ìyá rẹ̀ bá jáde láàárín èrò. Ó gba ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó ra ibi tó ti mọ́, ó wá ra ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Ẹ jẹ́ kí orí ẹ̀ ṣáájú wọlé," ó ní. "Kí ẹsẹ̀ ẹ̀ wà níbi ilẹ̀kùn yìí. Àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ náà ṣákiṣàki. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò rí i kó fi amọ̀ ra á."

Awakọ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ tẹ̀ lé e. Àbíkẹ́yìn náà rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ sí i lẹ́nu.

Ìyá dá ọ̀rá padà fún un. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú amọ̀ inú iyẹ̀pẹ̀, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. "Fèrèsé ilé ìdáná tún ti ń jò," ó wí.

Ọkọ̀ rọra gbéra. Àbíkẹ́yìn ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀rá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ náà lé ara ọkọ̀. Ó ń jọ̀lọ̀. Kò dún rárá.

Títí wọ́n fi dé ibojì, Bàbá ò sọ̀ kalẹ̀.